Ìyá Oníyanrìn àti Ẹ̀rọ Tí Ń Gé Ọṣẹ

Mo fi eyín mọ́kànlá tó ṣẹ́ kù sí mi lẹ́nu búra, kò sí ẹyọ irọ́ kan nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Èmi ni mo koná ìkòkò nílé iṣẹ́ ọṣẹ kan fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. N kò jókòó níwájú tíṣà rí, síbẹ̀ kò sí ohun tí iná, omi àti irin ń ṣe tí n kò lè ṣàlàyé fún ọ̀mọ̀wé, kí ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Obìnrin kan ni agbálẹ̀ wa níbẹ̀. Ìyá Oníyanrìn là ń pè é. Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ ọṣẹ rí kò lè mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe ń yọ̀. Ọṣẹ a ta sílẹ̀, omi a bá a, ilẹ̀ a wá máa dán bí orí apárí. Ọdún kẹta tí ìyá náà débẹ̀, ó gbé korobá méjì lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fi ìbàdí lélẹ̀, kò sì rìn tààrà mọ́ láti ọjọ́ náà. Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ náà kọ́gbọ́n. Ó wá àgbá kan, ó kó yanrìn gbígbẹ sí i, láràárọ̀ kí a tó dé, á ti wọ́n ọn síbi tí ẹsẹ̀ ń gbà. Fún ọdún mẹ́sàn-án, ẹnikẹ́ni kò ṣubú.

Àwọn oníwèé ní orúkọ gígùn kan fún ohun tí yanrìn yẹn ń ṣe. Èmi ń pè é ní ìdìmú. Ẹsẹ̀ á ti ilẹ̀ sẹ́yìn, ilẹ̀ á di ẹsẹ̀ mú, ara á sì lọ síwájú. Ibi tí ilẹ̀ kò bá ti di ẹsẹ̀ mú, kò sí ìrìn níbẹ̀, ìjókòó òjijì ló wà níbẹ̀. Ìdìmú yìí náà ni kì í jẹ́ kí ìṣó yọ kúrò nínú pákó. Òun náà ló ń mú kí ìṣáná ràn tí a bá fi ha ara páálí rẹ̀.

Ọ̀gá wa tuntun kò mọ ìyẹn. Yanrìn díẹ̀ bá ọṣẹ funfun lọ, ó ha oníbàárà kan lẹ́rẹ̀kẹ́, oníbàárà sì gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà wá han Ọ̀gá. Ọ̀gá ní kí a da yanrìn nù sẹ́yìn ọgbà, kí agbálẹ̀ sì máa lọ sílé tó bá di ọjọ́ Ẹtì. Opó ni ìyá náà. Ó ku ọdún kan kí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Ó wá bá mi nídìí iná.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa gba agbálẹ̀ tó ń tiro?"

Mo kàn ń ti igi sínú iná.

Ọjọ́ Ẹtì náà gan-an ni ẹ̀rọ tí ń gé ọṣẹ dé. Irin ni látòkè délẹ̀, ó ga ju èèyàn lọ, orí rẹ̀ sì wúwo ju ìdí rẹ̀ lọ. Erin mẹ́ta kò lè tì í, mo ti ṣírò rẹ̀. Àwọn tó gbé e wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bá tiwọn lọ. Ìdí ògiri lọ́hùn-ún ló gbọ́dọ̀ dé, ilẹ̀ sì lọ sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀ síbẹ̀ kí omi lè máa ṣàn.

Gìrìpá, tó lágbára jù nínú wa, ló mú ìmọ̀ràn wá. "Ṣebí ilé ọṣẹ la wà? Ẹ da ọṣẹ olómi sílẹ̀, á yọ̀ lọ bẹ́ẹ̀ ni."

Gbogbo wa ní ọgbọ́n dé. A da korobá mẹ́rin. Ọkùnrin mẹ́fà gbé ọwọ́ lé e, wọ́n tì. Ẹ̀rọ kò mira. Ẹsẹ̀ wọn ló ń lọ sẹ́yìn. Gìrìpá fi àgbọ̀n lélẹ̀ gbì, ẹnì kan yọ̀ títí ó fi dé ìdí igi ìdáná mi. Ọ̀gá ń bọ̀ wá bá wọn wí, òun náà jókòó sínú ọṣẹ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun.

Ìyá Oníyanrìn ti gbé àpò kọ́ èjìká, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Gìrìpá, ọkọ mi, ta lò ń dọ̀bálẹ̀ fún?"

"Ìyá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Irin yìí ló lórí kunkun."

"Irin kọ́. Ọṣẹ tẹ́ ẹ dà sábẹ́ irin dáa. Èyí tẹ́ ẹ dà sábẹ́ ara yín ni kò dáa."

Ó lè máa lọ sílé rẹ̀. Kò lọ. Ó tiro lọ sẹ́yìn ọgbà, ó bu yanrìn sínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó pààrà ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ó wọ́n ọn sí ibi tí àwọn ọkùnrin yóò tẹ̀, ó fi ojú ọ̀nà ẹ̀rọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ rẹ̀. Níbi tí ojú ọ̀nà náà ti kù díẹ̀ kó kan ògiri, ó wọ́n yanrìn fẹ́ẹ́rẹ́, ó wá ń mú un nípọn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ̀rọ má baà dúró lójijì kó takìtì.

Gìrìpá tún gbé ọwọ́ lé orí ẹ̀rọ.

"Ìdí ni kó o ti tì í," ni ìyá náà wí. "Orí ló wúwo. Tó o bá tì í lórí, á dojú bolẹ̀."

Ọ̀gá lọ dúró níwájú ògiri, ó na apá méjèèjì. "Ẹ máa tì í bọ̀, màá gbà á."

"Ọ̀gá, ẹ kúrò níbẹ̀."

"Mo ní màá dá a dúró."

"Nǹkan tó wúwo tó yìí, tó bá ti ń lọ, kì í gbọ́ 'dúró' lẹ́nu èèyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣì níyàwó nílé."

Ọ̀gá ráhùn, àmọ́ ó kúrò. Wọ́n tì. Ẹsẹ̀ wọn di ilẹ̀ mú, ẹ̀rọ mira, ó yọ̀, ó kúrò lọ́wọ́ wọn, ó sì ń sáré sí i bí ilẹ̀ ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Ó gba ibi tí Ọ̀gá dúró sí tẹ́lẹ̀ kọjá. Ó kan yanrìn, ó han gooro tí adití fi bo etí, ó rọra dúró. Àlàfo tó kù sí ògiri kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ.

Ọ̀gá wo àlàfo náà, ó wo àyà ara rẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Ìyá," ló wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "yanrìn yẹn, kó má ṣáà dé ìdí ọṣẹ funfun mọ́."

"Ẹ tẹ́ àpò sẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, kí oníkálukú máa nu ẹsẹ̀ kó tó wọlé. Kò ní dé ibẹ̀."

"Ọjọ́ Ajé ńkọ́? Ṣé ẹ máa wá?"

"Ọjọ́ Ajé kẹ̀? Lẹ́yìn yanrìn tí mo gbé lónìí, ìbàdí mi ò ní gbà. Ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Ọ̀gá gbà. Ìyá náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí ọmọ rẹ̀ fi di nọ́ọ̀sì, ó tún fi ọdún mẹ́fà lé e.

Gìrìpá ṣì wà láàyè. Ó ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ báyìí. Ẹ lọ bi í, ẹ sì wo àpá abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ kí ẹ tó pè mí ní òpùrọ́.