Omi àgbọn tí mo dà sórí táńkì ẹ̀gbọ́n mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, díẹ̀ ló kù kí wọ́n sin mí lónìí!

Sójà fi kòbókò tò wá sórí ìlà epo bẹntiróòlù fún bí ẹgbẹ̀rún ọdún kí n tó rí kẹ́ẹ̀gì kan gbé délé. Mo wá ń rọ ọ́ sínú alùpùpù ẹ̀gbọ́n mi Sẹ̀wánù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà pupa kùn, torí ó fẹ́ gùn ún lọ kí àwọn àna rẹ̀ ní Àjárá.

Ọwọ́ mi yẹ̀. Epo dà sórí táńkì! Bí epo bá bó ọ̀dà yẹn, ẹ̀gbọ́n mi á bó èmi náà.

Kò sí omi nítòsí. Mo bá la àgbọn méjì, mo da omi rẹ̀ sí i, mo fi ẹ̀wù mi nù ún. Ó ń dán bíi dígí!

"Ìwọ lo nù ún báyìí?"

"Èmi ni o, ẹ̀gbọ́n mi. Ìfẹ́ ni."

"Ọmọ dáadáa! Gun ẹ̀yìn, jẹ́ ká jọ lọ."

A dé Àjárá, a wọlé jókòó fún ìgbà díẹ̀, bàbá ìyàwó wá jáde wá wo alùpùpù. Gbogbo èèrà àdúgbò ti bo táńkì!

"Àna wa, ṣé oyin lẹ fi kùn ún ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó gan-an rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi náà ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ èmi ló ń wò.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n bá a gùn ún padà, àbí kí n fẹsẹ̀ rìn?