Ta Ló Ṣe Àwọn Mọ́tò Agolo Yìí?

Nígbà tí kápẹ́ńtà ń tú àjà ilé bàbá wa ní Ajílété, kí a lè pààrọ̀ páànù tó ń jò, páálí kan ló kọ́kọ́ jù sílẹ̀ níwájú mi, eruku sì bò mí lójú. Mo ti la ẹnu láti bú u kí n tó rí ohun tó wà nínú páálí náà. Àwọn mọ́tò agolo mi ni, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí n kò fojú kàn láti kékeré. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, èmi àgbàlagbà, mo ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀bá ọ̀nà ni ilé wa wà, iwájú wa ni àwọn lọ́rí Ìdí-Ìrókò ń gbà kọjá. Bí awakọ̀ kan bá dúró jẹun, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin á fi okùn wọn ọkọ̀ rẹ̀, a ó wá ká okùn náà po lọ́nà púpọ̀ títí yóò fi mọ níwọ̀n, kí tiwa lè jọ tirẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Agolo sàdíìnì ni orí ọkọ̀, agolo mílíìkì ni táńkì epo, sílípáàsì tó já la gé ṣe táyà. Ọ̀kan ṣì ní èdè Faransé lára, nítorí láti òdìkejì ibodè ni agolo tòmátò tí a fi ṣe é ti wá.

Àwọn mọ́tò yìí ló sọ mí di ẹni tí mo jẹ́. Bàbá wa bá mi nídìí wọn lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi, ó sì pe àwọn aládùúgbò wá wò mí. Ó ní, "Ọwọ́ irin ni Ọlọ́run fún eléyìí." Agbára rẹ̀ kò ká ju ọmọ kan lọ nílé ìwé gíga. Ẹ̀gbọ́n mi ló lọ, ó sì di ọ̀gá ilé ìwé. Èmi ni wọ́n mú lọ sí Ìlaròó lọ kọ́ṣẹ́ páńẹ́lì-bítà, iṣẹ́ kí á máa na ara mọ́tò tó ti wó. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ tí mo ti ní ló ti gbọ́ ìtàn mọ́tò agolo yìí títí ó fi sú wọn.

Mo kó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìlaròó láti tún wọn ṣe. Mo fi kẹrosíìnì nu ìpata kúrò, mo fi sáńpépà ha wọ́n, mo gé táyà tuntun. Ó wá ku wáyà tó so táyà mọ́ ìdí ọkọ̀, tó ti dẹ̀. Mo fi púláyà mú ọ̀kan, mo yí i kó lè fún. Kàkà kó fún, ńṣe ló ń tú. Mo bú wáyà náà dáadáa. Mo mú èkejì, òun náà tú. Ìgbà yẹn ni mo tó wò ó fínnífínní: apá òsì ni gbogbo wọn yí sí. Mo gé wáyà tuntun, mo di ojú, mo lọ́ ọ bó ṣe wá sí mi lọ́wọ́. Apá ọ̀tún ló yí sí.

Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì nílé wa. Bàbá wa kò sì gbà á láyè. Ọwọ́ òsì kò gbọdọ̀ dé ìdí oúnjẹ, kò gbọdọ̀ gbé nǹkan fún àgbà. Nígbà mìíràn Bàbá á fi aṣọ di ọwọ́ náà mọ́ ọn lára, pàṣán á sì tẹ̀ lé e.

Ọkàn mi dàrú. Mo rántí pé agolo gé mi ní àtàǹpàkò, àpá rẹ̀ nìyí. Àbí ti ṣọ́ọ̀bù ni? Àpá ọwọ́ mi pọ̀ ju kí n mọ ti ìgbà wo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rántí bí agolo ṣe máa ń gbóná nínú oòrùn, ṣùgbọ́n ẹni tó kàn bá ni di agolo mú náà á mọ̀ pé ó gbóná. Bí mo bá di ojú, mo ń rí ọwọ́ tó ń gé agolo, n kò rí ojú ẹni tó ni ọwọ́. Mo kanra mọ́ gbogbo àwọn oníbàárà mi.

Nígbà tí n kò lè mú un mọ́ra mọ́, mo kó àwọn mọ́tò náà, mo wọkọ̀ lọ sí Ayétòrò, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ̀yìn tì sí.

Ó wò wọ́n, ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn mọ́tò ẹ nìyí! Níbo lo ti rí wọn?"

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ṣe wọ́n?"

"Ìwọ ni. Ṣé Bàbá ò pe gbogbo àdúgbò wá wò ọ́ ni?"

Mo na púláyà sí i. "Ẹ bá mi fún wáyà yìí, ẹ jọ̀ọ́. Ó ń tú mọ́ mi lọ́wọ́."

Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á. Púláyà yọ̀. Ó tún mú un, ó tún yọ̀.

Mo ní, "Bàbá ò sí mọ́, Ẹ̀gbọ́n."

Ọ̀gá ilé ìwé, tó ti ní ọmọ-ọmọ, kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà. Ó wá gbé púláyà sí ọwọ́ òsì. Gbogbo wáyà náà fún wẹ́rẹ́.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún Bàbá lọ́jọ́ yẹn?"

"Kí n sọ pé ọwọ́ wo ni mo fi ṣe é?"

Inú bí mi, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, n kò mọ èyí tí n bá fi ṣáájú. Ìgbésí ayé tí mo ti lò tán, ṣé tirẹ̀ ni? Ó rí ojú mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àbúrò mi, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ bi ọ́. Ṣé ìwé wù ọ́ nígbà náà?"

Kò sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá kò bi mí, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò bi mí, èmi gan-an kò bi ara mi. Mo la ẹnu láti dá a lóhùn. Mo wá "bẹ́ẹ̀ ni" nínú ọkàn mi, mo wá "bẹ́ẹ̀ kọ́", n kò rí ọ̀kankan, ẹ̀gbọ́n mi sì jókòó síbẹ̀, ó ń retí mi.