Orúkọ Tí Mo Pè Nídìí Mọ́tò

Àbúrò ọkọ mi ni ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí nínú ilé tí mo wọ̀ ní Kábà. Mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni orúkọ náà jáde lẹ́nu mi, ìyà rẹ̀ sì pẹ́ lára mi.

Ó ku ọdún mélòó kan kí a gba òmìnira nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé ìjọ. Kàdúná ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Ó fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Gbogbo ẹni tí wọ́n bí sílé náà kí n tó dé, ọkọ mi ni, títí kan ọmọ tó ń rákò, ìyàwó kì í sì í pe orúkọ wọn. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé ni ìyá ọkọ mi mú mi jókòó, tó sọ fún mi nípa ìyàwó kan tó ṣèèṣì pe orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Wọ́n di ẹrù lé e lórí, wọ́n ní kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀.

"Kò padà wá mọ́," ni ó wí, ó sì ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Ìbẹ̀rù yẹn wọ̀ mí lára. Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú àbúrò ọkọ mi. Bí mo bá dé ibi tirẹ̀ nínú rẹ́jísítà, "ìwọ ọmọ alágbẹ̀dẹ" ni mò ń pè é. Àwọn ọmọ yòókù a máa rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín.

Àwa ìyàwó ilé ti fún àbúrò ọkọ mi ní orúkọ tiwa, Agùntáṣọọ́lò, nítorí pé ó ga, aṣọ sì ń yẹ ẹ́. Ó ra mọ́tò àlòkù kan lọ́wọ́ oníṣòwò aṣọ tó ti pa á tì sábẹ́ mángòrò láti ọdún mélòó kan. Ó fẹ́ máa fi gbé èrò lọ sí Lọ́kọ́ja. Kò sí nọ́ọ̀tì kan lára rẹ̀ tí kò dípẹtà. Ó da kẹrosíìnì sí wọn, ó da àdín sí wọn, ó fi òòlù lù wọ́n yíká, ó fi ẹsẹ̀ gun sípánà. Ti táyà ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yọ. Ti ẹ̀gbẹ́ òsì kò mira. Ọjọ́ méjì gbáko ni ó fi gun sípánà náà, tí mọ́tò ń mì jìgìjìgì.

Ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń tún mọ́tò náà ṣe wà nínú rẹ̀, èkúté ti jẹ etí rẹ̀. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo kà á, mo sì rí i pé òdìkejì ni wọ́n ń yí nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ òsì kó tó tú. Èyí tó rò pé òun ń tú, ṣe ló túbọ̀ ń fún un le. Mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ ọ́.

"Ìyàwó," ni ó wí, "ìwé ni o kọ́. Irin ò lọ sí sùkúù."

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tí mo fi máa ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ kejì, táyà òsì ti wà nílẹ̀ lọ́tọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi bó ṣe tú, mi ò sì béèrè.

Ó wá ku àwọn bóòtì abẹ́. Ó ti dá jáàkì tó yá fi gbé mọ́tò sókè padà fún ẹni tó ni ín. Ó to òkúta jọ, ó gbé kùkùté igi lé e, ó sì gbé iwájú mọ́tò lé kùkùté náà. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò, ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn méjì nìkan ló kù síta. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti lọ yá òòlù tó wúwo ju tirẹ̀ lọ.

Ìyá ọkọ mi ní kí n lọ pè é wá jẹun. Ó ti rán ìyàwó méjì ṣáájú mi, kò dìde.

"Agùntáṣọọ́lò, òkun o," mo kí i bí a ṣe ń kí ara wa ní Kábà.

Òòlù ń dún. Bó bá ti lu bóòtì náà, mọ́tò á mì, òkúta á sì rì díẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, mo tún un wò. Kùkùté náà ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí eyín tó fẹ́ yọ.

"Agùntáṣọọ́lò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde."

"Mo gbọ́. Gbé e kalẹ̀, mò ń bọ̀."

Oúnjẹ ló rò pé mò ń wí. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mú, mo fà á. Ó ta ẹsẹ̀ náà nù, ó ní kí n lọ bá ẹgbẹ́ mi ṣeré, ó sì tún gbé òòlù.

Mo bojú wẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, yóò gbọ́. Mo rí ẹrù mi lórí mi. Mo rí ojú bàbá mi ní ìlú wa, Ìyàrá. Kùkùté náà dún. Mo pe orúkọ rẹ̀, èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, mo pè é délẹ̀ bí olùkọ́ ṣe ń pe ọmọ.

Ìyàlẹ́nu ló yí i jáde, pé irú ohùn bẹ́ẹ̀ ń pe orúkọ òun. Mọ́tò wó lulẹ̀ síbi tí àyà rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ìpẹtà kún ojú rẹ̀ bí osùn. Mo rò pé yóò dúpẹ́.

"Ìyá," ni ó wí, "ṣé ẹ gbọ́ bí ìyàwó tí a gbé wálé lánàá ṣe ń pè mí bí ẹni ń pe ajá?"

Ìyá rẹ̀ wo mọ́tò, ó wò mí. "Mo gbọ́," ni ó wí.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìyàrá, àpótí lórí. Oṣù mẹ́ta ni àwọn èèyàn mi fi bẹ̀bẹ̀ kí ilé ọkọ mi tó gbà mí padà. Ẹlòmíràn ti wà ní kíláàsì mi. Mi ò kọ́ ọmọ kankan mọ́ títí mo fi bímọ mẹ́rin.

Òun di àgbà ìjọ. Bí ìkórè bá dé, á dìde jẹ́rìí pé ọjọ́ tí mọ́tò fẹ́ pa òun, áńgẹ́lì pe òun lórúkọ. Ìjọ á ṣe àmín. Kì í wo ibi tí mo jókòó sí. Ọdún dé, ọdún lọ, mò ń gbọ́ ìròyìn áńgẹ́lì yẹn.

Nígbà tó wà lórí àìsàn tó pa á, ó ránṣẹ́ pè mí, ó ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ bọ́ síta. Ó ń wo àjà bí ẹni pé ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ wá bá a. Mi ò jókòó.

"Agùntáṣọọ́lò, mo dé."

Ó mi orí. "Kì í ṣe ìyẹn. Mo mọ̀ pé ìwọ ni, ìyàwó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Jọ̀ọ́, pè mí bí o ṣe pè mí lọ́jọ́ yẹn."