Ta Ló Ń Rẹ Ìjókòó Kẹ̀kẹ́ Mi Sílẹ̀?

Inú bí mi lóṣù yẹn débi pé n kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kí mi láàárọ̀ Sátidé. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń gun kẹ̀kẹ́ eré-ìje mi láti Ìkirè dé Àpòmù, kí n sì padà. Tòkunbọ̀ ni kẹ̀kẹ́ náà, ó fúyẹ́, táyà rẹ̀ tín-ín-rín. Ìgbádùn kan ṣoṣo tí mo ní láyé mi nìyẹn, orúnkún sì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi.

Nọ́ọ̀sì tó wo orúnkún ọ̀tún mi sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀: bó bá tún wú, kí n gbàgbé kẹ̀kẹ́. Ẹ̀rù bà mí gidi. Ilé kan náà lèmi àti bàbá mi ń gbé, mo sì ń rí bí wọ́n ṣe ń jókòó sórí àga kírun ní mọ́sáláṣí nígbà táwọn ẹgbẹ́ wọn bá forí kanlẹ̀. Orúnkún wọn méjèèjì ti bàjẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń díje n'Íbàdàn ló là mí lójú. Ó ní ìjókòó kẹ̀kẹ́ tó relẹ̀ jù ló ń pa orúnkún. Ó ní kí n gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bí ẹsẹ̀ mi bá nà tán láìjẹ́ pé ìdí mi yẹ̀, ibẹ̀ ló dáa. Mo gbé ìjókòó sókè ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, mo tì í sẹ́yìn díẹ̀. Háà! Òkè tó máa ń mú mi mí hẹlẹ, mo gùn ún bí ẹni ń ṣeré. Orúnkún ò ro mí rárá.

Ṣé ẹ wá rí Sátidé kejì? Kí n tó dé ìdajì ọ̀nà Àpòmù, orúnkún ti ń ro mí. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wo ìjókòó: ó ti relẹ̀! Mo gbé e sókè. Ní Sátidé kẹta, ó tún ti relẹ̀. Kí ló dé gan-an? Mo gba ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bá mi tún kẹ̀kẹ́ ṣe lọ, mo pariwo mọ́ ọn. Ó fi Ọlọ́run búra.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fọ̀rọ̀ yìí kàn mí o. Àmọ́ ìjókòó yẹn ga jù lóòótọ́. Ẹsẹ̀ yín ò kanlẹ̀ tẹ́ ẹ bá dúró!"

Ẹ gbà mí! Gbogbo ìlú ló mọ kẹ̀kẹ́ gùn jù mí lọ. Ìyá tó ń ta dòdò lẹ́bàá títì náà ti ní mo rí bí ẹni tó gun igi kòkó.

Ní Sátidé kẹrin, mo tètè kírun sílé, mo yọ́ jáde lọ ṣọ́ kẹ̀kẹ́ mi. Bàbá mi ni mo bá lórí àpótí lọ́dẹ̀dẹ̀, sípánà lọ́wọ́, wọ́n ń tú nọ́ọ̀tì ìjókòó mi.

"Bàbá! Ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni. Ṣé kí o ṣubú kú ni? Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ kanlẹ̀! Bí mo ṣe fi kẹ̀kẹ́ ru kòkó láti oko Ararọ̀mí-Òwu fún ogójì ọdún nìyẹn, n ò ṣubú lẹ́ẹ̀kan."

Ara mi gbóná. "Ó yá, ẹ gùn ún kẹ́ ẹ wò ó fúnra yín!"

Mo rò pé wọ́n á kọ̀ ni. Wọ́n dìde. Mo gbé ìjókòó padà sókè, wọ́n fi sípánà dè é díẹ̀, mo di kẹ̀kẹ́ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, wọ́n sì ti orí pèpéle bọ́ sí i. Bákan náà la ṣe ga. Wọ́n gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì, ẹsẹ̀ wọn nà. Wọ́n yí pẹ́dàlì sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, díẹ̀díẹ̀.

"Kò dùn mí," wọ́n ní.

Wọ́n wo orúnkún wọn títí.

"Ṣé ìjókòó tó relẹ̀ ló wá ṣe mí báyìí ni?"

Mo rọra dì wọ́n mú sọ̀ kalẹ̀ sórí pèpéle. Wọ́n na sípánà sí mi.

"Dè é kó le dáadáa," wọ́n ní, "kó má baà tún relẹ̀."