Irun Ojú Bàbá Filó

Ẹ fa àga sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Nombakélé, àdúgbò kan ní Libreville, nígbà tí ọ̀dà òmìnira kò tíì gbẹ lára ògiri ìlú náà, ni mo fẹ́ rò fún yín.

Iṣẹ́ àwòrán ni mò ń ṣe. Ẹ mú fọ́tò kékeré wá, màá fi pẹ́ńsù yà á di ńlá tí ẹ lè gbé kọ́ sí pálọ̀.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Filó, ará Kétu, wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú Filó ọmọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, télọ̀ kan ní àdúgbò Kalikak, ti kú, ìlú yìí náà ni wọ́n sin ín sí. Ó ní ìyá ọkọ òun ránṣẹ́ láti ilé pé bí wọn kò bá lè gbé òkú ọmọ òun wá, kí wọ́n gbé ojú rẹ̀ wá, kí òun lè rí ohun tí òun máa wò sunkún.

Ta ló máa gbọ́ irú èyí tí kò ní mú pẹ́ńsù?

Àmọ́ fọ́tò kan ṣoṣo tó wà ni ti káàdì ìdánimọ̀, òǹtẹ̀ ìjọba sì ti bo irun ojú rẹ̀ méjèèjì. Ayàwòrán kan ní àdúgbò Plaine Orety ti kọ́kọ́ gbìyànjú. Ó fa ìlà dúdú méjì gbọọrọ sókè ẹyinjú, bí ẹni lé tìróò. Ìyá Filó ní èèyàn pẹ̀lẹ́ ni ọkọ òun, pé eléyìí dà bí ọlọ́pàá tó ń bèèrè káàdì!

Irun ojú kì í ṣe ìlà, ẹ̀yin èèyàn. Ó máa ń dìde nítòsí imú, á sùn láàrin, á wá rọ̀ wálẹ̀ níparí. Ibẹ̀ ni ìwà èèyàn ń gbé. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ti òkú?

Mo bèèrè ẹni tó jọ bàbá jù. Ìyá Filó nawọ́ sí ọmọ rẹ̀. Mo wo Filó: ó ti fi abẹ fá tirẹ̀ pátá, ó fi tìróò kọ òmíràn síbẹ̀, bí àwọn ọmọge ìgbà náà ṣe ń ṣe.

Mo ní kó jẹ́ kó hù.

Filó ní, "Tonton, bọ̀ọ̀dá mi, ṣé kí n wá máa rìn kiri bí adìyẹ tí wọ́n tu ìyẹ́ rẹ̀ ni?"

Ìyá rẹ̀ ní, "Filó, ìyá bàbá rẹ ń dúró."

Ọmọ náà yọ abẹ nínú báàgì, ó gbé e sórí tábìlì mi. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wé gèlè bo iwájú orí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ń bi í bóyá ó ti di sísítà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí irun náà hù, háà! Ó nípọn nítòsí imú, ti òsì sì ní àyè tín-ín-rín kan tó là á bí ọ̀nà oko. Ìyá Filó bú sẹ́kún, ó ní ọ̀nà oko yẹn gan-an ló wà lójú ọkọ òun. Mo gbẹ́ pẹ́ńsù títí ó fi mú bí abẹ́rẹ́. Mo ń fa irun náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo ń wo ọmọ, mo ń ya bàbá.

Wọ́n wọkọ̀ ojú omi gbé àwòrán náà lọ sílé. Nígbà tí Ìyá Filó padà dé, ó ròyìn fún mi pé ìyá àgbà kò wo imú, kò wo ẹnu. Ó fi ìka tọ ọ̀nà oko yẹn, ó ní, "Àkànní, o dé."

Ẹ má bínú sí mi, mo máa ń fi ọjọ́ yẹn yangàn!

Ẹni tó bá ń wá ojú ẹni tó lọ, kó wo ojú ẹni tó kù. Ẹ̀yin ńkọ́? Ojú ta ni ẹ ti rí lára ọmọ ilé yín? Ẹ sọ fún wa, a fẹ́ gbọ́.

Ní ti ogún, àwòrán wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà títí ó fi sùn, ó wá di ti Filó. Filó kò fá irun ojú bàbá rẹ̀ mọ́. Abẹ tó gbé sórí tábìlì mi, kò padà wá gbà á. Èmi ni mo jogún ìyẹn, òun ni mo sì fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù títí mo fi fẹ̀yìn tì.