Káàdì Kọ̀ǹpútà àti Páànù Ilé

Inú ń bí mi lọ́jọ́ tí mo pe gbogbo ilé jọ lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yẹn, mi ò ní purọ́. Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí èèyàn bá ń ṣàròyé nǹkan kan fún oṣù bíi mélòó kan, tí gbogbo ayé ń dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, tí nǹkan ọ̀hún ò sì yí padà? Bí mo ṣe wà nìyẹn. Ojú mi ti rí màbo lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà.

Ọ̀dínátọ̀ là ń pè é ní Parakou, bí àwọn Faransé ṣe ń pè é, kò sì pọ̀ nílùú nígbà náà. Mo rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó wá ṣiṣẹ́ lórí òwú, tó ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ nígbà tí iṣẹ́ wọn parí. Ṣábẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n àdúgbò Àlùbáríkà ní Parakou ni mo kọ́lé sí, yàrá iwájú ilé náà ni mo sì fi ṣe biró tí a ti ń bá èèyàn tẹ̀wé. Ìwé ìdánwò ilé ẹ̀kọ́, ìwé ìpè ìgbéyàwó, lẹ́tà àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ olówùú, gbogbo rẹ̀ la ń tẹ̀. Ayé àwọn kámárádì ni, bí àwọn tó ń ṣèjọba nígbà náà ṣe ń pe ara wọn. Kò sí lẹ́tà tí ilé iṣẹ́ ìjọba fẹ́ kọ tí kò ní fi ọ̀rọ̀ ìyípadà àti ìjà tó ń tẹ̀ síwájú parí, ì báà jẹ́ lẹ́tà tí wọ́n fi ń wá kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó sọnù. A ń tẹ ìyẹn náà fún wọn.

Akọ̀wé mi, ọmọbìnrin àbúrò ìyàwó mi, ló ń tẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo máa ń jókòó síwájú ẹkíràn, ìyẹn apá tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n, tí màá wá àṣìṣe kí ìwé tó jáde. Mo máa ń fi iṣẹ́ yẹn yangàn gan-an ni. Tí wọ́n bá ní kí n sọ ohun kan tí mo mọ̀ ọ́n ṣe láyé, màá ní àṣìṣe kì í bọ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Ọ̀rọ̀ kan létí ìwé, nọ́ńbà kan nísàlẹ̀. Mo kọ́kọ́ bá akọ̀wé wí. Lẹ́yìn náà la wá tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó kan, tí ọjọ́ Ẹtì wà lórí rẹ̀ dípò Sátidé, létí apá òsì níbẹ̀, mo sì ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, mo ní ó dáa. Àwọn àlejò gbéra láti Kétu, wọ́n dé lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n bá ìyá ìyàwó tó ń fọ ẹ̀fọ́ nínú agbada, kò tíì dirun rẹ̀. Obìnrin náà wá sí biró mi lọ́jọ́ Ajé. Ohun tó sọ sí mi, ẹ jẹ́ kó wà ní Àlùbáríkà níbẹ̀.

Mo jókòó síwájú ẹ̀rọ náà lẹ́yìn tó lọ, mo tẹjú mọ́ ọn, mo sì rí i pé òun ló fa gbogbo rẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ ń ṣú. Etí ìwé ń parẹ́. Mo pe akọ̀wé, mo ní, "Wá wò ó, ṣé ìwọ náà ò rí i pé ẹ̀rọ yìí ti ń ṣú?" Ó wá wò ó, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ó ń ṣú díẹ̀."

Ará Ìlọrin kan wà ní ọjà Arzèkè tó ń ta ẹ̀yà rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, tó máa ń lọ kó ọjà l'Ékòó. Mùsùlùmí ni, kò tíì tó ogójì ọdún, ẹnu rẹ̀ sì dùn bí oyin tó bá fẹ́ tajà. Òun ni mo pè wá. Ó tú ẹ̀rọ náà, ó wò ó, ó ní kò sóhun tó ṣe ẹkíràn. Ó wá fi pátákó pẹlẹbẹ kan hàn mí nínú ikùn ẹ̀rọ, ó ní káàdì àwòrán nìyẹn, òun ló ń gbé gbogbo ohun tí à ń rí jáde, àti pé ti òyìnbó yìí ti pẹ́, lẹ́tà nìkan ló mọ̀ ọ́n gbé. Ó ní òun lè bá mi rí èyí tó ń ya àwòrán pẹ̀lú, òdòdó, ìlà, férémù tó máa yí ìwé ìgbéyàwó ká. Mo bi í bóyá etí ìwé á hàn. Ó ní, "Bàbá, ohun gbogbo á hàn."

Iye tó dá lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo owó tó wà nínú ilé. Nínú ilé ni mo wí, torí báńkì ti tilẹ̀kùn mọ́ owó tiwa, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ò sì rí owó oṣù gbà, ká má tíì wá sọ pé wọ́n á sanwó lẹ́tà. Èyí tó wà nílẹ̀, páànù yàrá ẹ̀yìn la ti yà á sọ́tọ̀ fún. Yàrá náà ń jò. Ìyàwó mi ti fi abọ́ gba omi níbẹ̀ ní gbogbo òjò tó kọjá, òjò míì sì ti ń ṣú bọ̀.

Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Tí mo bá ra káàdì, òjò á pa wá. Tí mo bá ra páànù, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi máa sọ ní Arzèkè pé biró mi, biró àṣìṣe ni, ta ló wá fẹ́ gbé iṣẹ́ wá? Ibẹ̀ gan-an ló ń dùn mí. Páànù, ara ilé nìkan ló mọ̀ pé ó ń jò. Àṣìṣe mi, gbogbo ìlú ló ń kà á.

Ni mo bá ní ká ṣe é bí àwọn kámárádì ṣe ń ṣe é, ká pe ìpàdé, ká nawọ́. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú ni. Ìyàwó mi wà níbẹ̀, akọ̀wé wà níbẹ̀, àti àbúrò mi ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ ẹrù, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa. Mo tan ẹ̀rọ, mo ní kí kálukú wá jókòó síwájú rẹ̀ kó sọ ohun tó rí. Ṣùgbọ́n ta ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú ilé? Àgbà ni. Mo jókòó, mo ní àárín sàn díẹ̀, etí ti parẹ́, gbogbo rẹ̀ sì ṣú bí ìgbà tí ọyẹ́ bá mú. Mo dìde fún wọn. Àbúrò mi jókòó, ó ní, "Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, ẹ̀gbọ́n." Akọ̀wé ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Ìyàwó mi ló wò ó pẹ́ jù. Ó ti lọ sí kíláàsì tí ìjọba fi ń kọ́ àgbàlagbà láti ka èdè wọn, ó mọ lẹ́tà dáadáa. Ó wo ẹkíràn, ó wo èmi, ó ní, "Bí ẹ ṣe wí náà ni."

Mo ní kí ẹni tó bá fara mọ́ káàdì nawọ́. Gbogbo ọwọ́ lọ sókè, títí kan ti obìnrin tó ń gba omi òjò sínú abọ́. Orí mi wú. Mo ní, ẹ ò rí i pé ìjọba àwọn èèyàn dáa.

Ará Ìlọrin gbé káàdì náà dé ní ọ̀sẹ̀ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀. Ó yọ ti àtijọ́, ó ki tuntun bọ̀ ọ́, gbogbo ilé yí wa ká. Ó tan ẹ̀rọ, ó tẹ nǹkan mélòó kan. Akọ̀wé mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wo bí férémù yẹn ṣe dáa tó."

Mo ní, "Férémù wo?"

Wọ́n rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Àbúrò mi tilẹ̀ fi mí rẹ́rìn-ín. Mo fa àga, mo jókòó, mo wò ó. Mo rí orúkọ ọkọ àti ìyàwó kan tó fi dán an wò láàárín, ìyẹn náà ò sì mọ́lẹ̀ ju ti àná lọ. Mi ò rí férémù kankan. Mo ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, o ti rẹ́ mi jẹ. Ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà níbẹ̀. O gba owó páànù lọ́wọ́ mi, o wá lọ ra ìranù fún mi. Ṣé orí mi ti dàrú lójú tìẹ ni?" Mo sọ ọ́, mi ò dákẹ́. Mo ní màá pe àwọn kámárádì àdúgbò kí wọ́n wá mú un.

Ìyẹn ló bà á lẹ́rù. Àlejò ni nílùú, ó mọ ohun tí ojú òun lè rí lọ́wọ́ wọn. Ó dọ̀bálẹ̀. Nígbà tó dìde kò bá mi jiyàn, ó kàn di ìka mi mú, ó ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí," ó sì gbé ìka náà lé etí ẹkíràn lápá òsì. Mo wo ìka mi. Ìlà kan wà lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú òdòdó wẹ́wẹ́. Ó ń fa ìka mi lọ sókè, mò ń wò ó lọ, òdòdó náà ń jáde níkọ̀ọ̀kan. Mo gbé ojú padà sí àárín, ó parẹ́. Mo tún wo etí, ó wà. Mo wo àárín, kò sí mọ́.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ ni mo ṣì ń bá jà. Mo ní kó fi káàdì àtijọ́ padà síbẹ̀ kíákíá. Ó ṣe é. Mo ní kí akọ̀wé jókòó, kó pe ìwé tó kún ojú ẹ̀rọ jáde, kó kà á láti etí kan dé èkejì. Ó wolẹ̀. Mo ní kà á. Ó wo ìyàwó mi, ìyàwó mi mirí fún un pé kó kà á.

Ó kà á. Ó kà á geere, bí ẹni tó ń ka Bíbélì níwájú ìjọ, kò fún ojú pọ̀, kò kọsẹ̀, ó gba etí òsì bọ́ sí etí ọ̀tún títí ó fi dé ìsàlẹ̀. Káàdì àtijọ́ ni o. Èyí tí gbogbo wọn nawọ́ pé kò dáa mọ́.

Mo fẹ́ wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wá rí i pé orí ni mò ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún kí n tó rí wọn tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iwájú mi gan-an ni wọ́n tò sí. Mo bi àbúrò mi pé kí ló mú un sọ pé bó ṣe rí nìyẹn lọ́jọ́ Àìkú ọjọ́sí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ni mo tún fẹ́ sọ lẹ́yìn yín? Ṣé kí n ní irọ́ lẹ̀ ń pa ni?" Èmi náà, ká ní ó sọ bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn obìnrin, ilé ì bá gbóná lọ́jọ́ náà.

Ará Ìlọrin yọ owó tí mo san fún un jáde lápò rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, mi ò béèrè. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ó lọ. Ẹ̀rù wá bà mí gidi.

Owó náà la gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ojú tó gbà wá, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni, kámárádì ló ń pè mí. Ó tan iná sí ojú méjèèjì. Ó ní kí n wo imú òun, kí n sọ nígbà tí mo bá rí ìka òun tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Mo dúró, mo dúró, mi ò rí ìka. Mo rò pé kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó ní àìsàn kan ló ń jẹ ojú náà láti etí wọ àárín, kì í dunni, ó sì ti pẹ́ tó ti ń jẹ ẹ́. Ti òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ti ọ̀tún, oògùn lè dá a dúró síbi tó dé, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ ti lọ nìyẹn. Ó ní ká ní mo ti tètè wá ni. Mo jókòó sórí àga, mò ń gbọ́ ọ bí ẹni pé ojú ẹlòmíì ló ń sọ.

Ó wá bi mí bóyá mo máa ń kọlu nǹkan nínú ilé. Mo ní rárá, kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó ní ó ya òun lẹ́nu, pé ẹni tí ojú rẹ̀ rí báyìí, ó ti yẹ kó máa kọlu àga, kó máa fẹsẹ̀ gbá garawa. Ó ní kí n bi ìyàwó mi. Faransé la ń sọ, kò gbọ́ ọ. Mo yíjú sí i níbi tó jókòó sí, mo fi ẹ̀rín sọ fún un pé dókítà ní ó ti yẹ kí n máa kọlu àga.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ò lè kọlu nǹkan. Mo máa ń kó o kúrò."

"O ń kó kí ni kúrò?"

"Àga. Garawa. Bàtà. Ohunkóhun tó bá ti wà lọ́nà. Tí mo bá ti gbọ́ ohùn yín lẹ́nu ọ̀nà, màá ti sáré kó o."

Mo bi í láti ìgbà wo. Ó ní ó ti wà bẹ́ẹ̀ kí a tó ra ọ̀dínátọ̀. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó fi etí ìró nu ojú.

"Mo rò pé ẹ mọ̀ ni," ló wí. "Mo rò pé ẹ ń fi pa mọ́ fún wa. Ni mo bá ní kí n bá yín fi pa mọ́."

Dókítà ní kí n sọ ohun tó wí fún òun. Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n mi ò rí Faransé kankan sọ.