Etí Omi Olókùúta

Kámíọ̀n kan da òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ilé mi ní Ifangni láàárọ̀ yìí. Bó ṣe ń ró ni mo rántí erékùṣù tí èmi àti Rìsíkátù, àbúrò mi, ti lọ lo fákáǹsì, ìsinmi ilé-ìwé, lọ́dọ̀ Tàńtí, ẹ̀gbọ́n ìyá wa.

Etí omi méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ iyanrìn funfun tó rọ̀, tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀. Èkejì kún fún òkúta wẹ́wẹ́ tó ń gún ni. Ibi òkúta yìí ni Tàńtí máa ń mú wa lọ wẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bẹ̀ ẹ́. "Tàńtí, ẹ jẹ́ ká lọ síbi iyanrìn. Ẹsẹ̀ ń dùn wá."

Ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń fọ aṣọ. "Iyanrìn kì í dún. Lórí òkúta, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ yín láìwẹ̀yìn."

"Àbí ẹ lójú lẹ́yìn orí ni?" Rìsíkátù ń rẹ́rìn-ín.

A bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, òkúta ń ró.

"Ẹ rọra o," ni Tàńtí wí, "ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

A dúró. Àwa méjì péré la wà níbẹ̀. Òkúta ṣì ń ró lẹ́yìn wa, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹsẹ̀ ọmọ kékeré.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé Tàńtí bí ọmọbìnrin kan ṣáájú wa, àti pé ibi iyanrìn lọmọ náà gbà wọ omi, tí kò sì jáde mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mi ò bẹ̀bẹ̀ mọ́. Nígbà tí a wẹ̀ tán, Tàńtí mú aṣọ ìnura mẹ́ta jáde. Ó nu èmi, ó nu Rìsíkátù, ó wá na ẹ̀kẹta síwájú, ó ń dúró de ẹnìkan.